Òfin Tí Àgbà Ń Rú

Kò sí ibi tí àgbàlagbà méjì bá ti pàdé, yálà níbi ìsìnkú tàbí níbi ìgbéyàwó, tí ó ń pẹ́ kí wọ́n tó dé orí ọ̀ràn àwọn ọmọ ilé-ìwé. "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ní ẹ̀kọ́," ni èkíní yóò wí. "Wọn kì í kí ènìyàn mọ́," ni èkejì yóò fi tì í lẹ́yìn. Bí ẹni kẹta bá sì wà níbẹ̀, òun ni yóò ká ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀: "Pàṣán ni ó kúrò ní ilé-ìwé. Ọjọ́ tí pàṣán ti lọ ni ìwà ti bá a lọ." Wọn a mi orí, wọn a kẹ́dùn, wọn a sì tún bu òkèlè sí ẹnu, bí ẹni tí ó ti dá ẹjọ́ tán.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé èmi kò fara mọ́ ìdájọ́ wọn. Kì í ṣe pé n kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Èmi náà ti di pàṣán mú pẹ́. Mo gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, mo kọ́ ọmọ ní ìlú ńlá àti ní abúlé, mo sì di ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, òun náà sì ni èyí: púpọ̀ nínú ìwà àìlétò tí a ń rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àgbàlagbà ni ó fi kọ́ wọn. Òfin tí àgbà bá ń rú ní gbangba, kò sí pàṣán tí ó lè mú kí ọmọdé pa á mọ́ ní kọ̀rọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí a fi ọmọ sílẹ̀ kí ó máa ṣe bí ó ti wù ú. Ọjà pàápàá ní òfin, ó sì ní ìyálọ́jà. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá ní òfin kò tó ọjà. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ṣòro láti kà: kí ó dé kí agogo tó lù; kí aṣọ rẹ̀ mọ́, bí ó tilẹ̀ lẹ̀; kí ó kí olùkọ́, kí ó sì kí ẹni tí ń gbá àgbàlá; kí ó dákẹ́ nígbà tí ẹlòmíràn bá ń sọ̀rọ̀; kí ó má ṣe fi ọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀; kí ó má ṣe fi agbára jẹ ẹni tí ó kéré sí i níyà; kí iṣẹ́ tí ó bá pè ní tirẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀ ní tòótọ́. Ohun méje ni mo kà yẹn. Ọmọ tí ó bá dàgbà pẹ̀lú àwọn méje yìí, ibi yòówù kí ó dé, ojú kò ní tì í. Kékeré ni a sì ti í bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò; bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà wo ni a ó gbà kọ́ ọ? Àwọn tí ń sunkún pàṣán ní ìbẹ̀rù ni. Ó yẹ kí wọ́n rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí lójú wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 1984, ìjọba ológun ti Muhammadu Buhari àti Tunde Idiagbon kéde ogun sí ìwà àìlétò. Ọ̀dọ́mọdé olùkọ́ ni mí nígbà náà. Àwọn ọmọ ogun dúró sí ibùdókọ̀ pẹ̀lú kòbókò. Ẹni tí kò bá tò sórí ìlà, kòbókò dé ẹ̀yìn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́, wọn a ní kí ó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Kò pẹ́ tí ìlà fi tọ́ bí okùn tí a nà. Inú àwọn àgbà dùn. Wọ́n ní a ti rí oògùn rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1985, àwọn ológun mìíràn gba ìjọba lọ́wọ́ wọn. Kòbókò kúrò ní ibùdókọ̀. Ǹjẹ́ ìlà dúró? Kò dúró. A tún padà sí fífi ìgúnpá wọ ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa àtijọ́. Àgbàlagbà sì ni gbogbo wa. A kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé. Bí kòbókò ológun kò bá lè kọ́ baba ní ìwà, báwo ni pàṣán tíṣà yóò ṣe kọ́ ọmọ? Ẹni tí ó ń bẹ̀rù pàṣán kò kọ́ ju ohun kan ṣoṣo lọ, èyí ni láti máa ṣọ́ ibi tí ẹni tí ó ni pàṣán wà.

Èdè wa tilẹ̀ ti sọ òtítọ́ yìí fún wa tipẹ́. Kí ni Yorùbá ń pe títọ́ ọmọ tí ó ṣìṣe sọ́nà? Ìbáwí ni. Bá a, kí o sì wí fún un. Wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: kò sí igi nínú rẹ̀. Ènìyàn méjì ni ó wà níbẹ̀. Ẹnu wà níbẹ̀, etí sì wà níbẹ̀. Àwọn baba wa ń na ọmọ, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò fi orúkọ igi pe iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá sì fi ọwọ́ òsì na ọmọ, wọn a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Mélòó nínú àwa olùkọ́ ni ó rántí ọwọ́ ọ̀tún?

Àwọn mìíràn a ní òfin ìjọba ni ó di àwọn lọ́wọ́. Wọn a dárúkọ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí orílẹ̀-èdè wa ṣe ní ọdún 2003, bí ẹni pé òfin náà ní kí ọmọ máa gun baba rẹ̀ lórí. Mo bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ó lọ ka òfin náà. Lóòótọ́ ni ó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni dá ọmọ lóró tàbí kí ó fi ìyà tí ń tàbùkù ènìyàn jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n abala 19 nínú òfin kan náà ni ó sọ ọ́ di ojúṣe ọmọ pé kí ó máa bọ̀wọ̀ fún òbí rẹ̀, àwọn ọ̀gá rẹ̀ àti àwọn àgbà nígbà gbogbo, kí ó sì máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Abala 20 ni ó sì gbé e lé òbí, alágbàtọ́ àti gbogbo ẹni tí ọmọ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ lọ́rùn pé kí wọ́n fún un ní ìtọ́sọ́nà, ìbáwí àti ẹ̀kọ́. Òfin kò gba ìbáwí lọ́wọ́ wa. Ìdálóró ni ó gbà. Ẹni tí ó bá ka méjèèjì sí ohun kan náà, kí a má ṣe fi ọmọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wọ inú kíláàsì. Olùkọ́ ń lọ sí ọfíìsì, ó pe olórí kíláàsì, ó ní, "Kọ orúkọ àwọn aláriwo dè mí." Ta ni kò mọ àṣà yìí nínú wa? Kí olùkọ́ tó rìn dé ẹnu ọ̀nà, kárà-kátà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ olórí kíláàsì ń pariwo, orúkọ rẹ̀ kò wọ ìwé. Ẹni tí òun àti olórí kíláàsì jọ jà ní àná dákẹ́ bí òkúta, orúkọ tirẹ̀ ni ó ṣáájú. Ẹnìkan na ẹ̀pà sí i lábẹ́ tábìlì, a sì pa orúkọ onítọ̀hún rẹ́. Nígbà tí olùkọ́ bá dé, yóò gba ìwé náà, yóò sì na gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ láìbéèrè ọ̀rọ̀ kan. Kíláàsì yóò pa rọ́rọ́. Olùkọ́ yóò sì rò pé òun ti kọ́ wọn ní ìwà. Ó kọ́ wọn lóòótọ́. Ó kọ́ wọn pé àṣẹ wà fún títà, pé aláìṣẹ̀ lè jìyà, àti pé ẹni tí ó wà ní ipò kì í wádìí òtítọ́. Ní ọgbọ̀n ọdún sí i, nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá dúró ní ojú ọ̀nà tí ó ń na ọwọ́ sí awakọ̀, a ó máa béèrè pé níbo ni ó ti kọ́ irú ìwà bẹ́ẹ̀.

Mo ti na ìka sí àwọn ẹlòmíràn tó. Ó yẹ kí n yí i padà sí ara mi. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣe ọ̀gá, a mú ọmọkùnrin méjì nígbà ìdánwò ìparí sáà. Ìdáhùn kan náà ni àwọn méjèèjì fi ọ̀dà ìkọ̀wé kọ sí itan wọn. Baba ọ̀kan nínú wọn ni ó ra páànù tí a fi bo kíláàsì méjì nígbà tí ìjì ṣí òrùlé wa. Ìyá èkejì jẹ́ opó tí ń ta ẹ̀kọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mo pe ọmọ opó jáde síwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní àpéjọ òwúrọ̀, mo sì fún un ní ẹgba méjìlá. Mo pe ọmọ olówó sí ọfíìsì, mo ti ìlẹ̀kùn, mo sì gbà á ní ìmọ̀ràn. Mo sọ fún ara mi pé ọgbọ́n ni mo lò.

Ní ọjọ́ kejì, opó náà wá. Mo rò pé ìjà ni ó bá wá, mo sì ti ń múra dè é. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun tí ẹ bá mi bá ọmọ mi wí. Ohun tí ó ṣe kò dára. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bá wá, ẹ jọ̀wọ́: ṣé ọmọ kejì kò ní ìdí ni?" N kò rí èsì fún un. Ó dìde, ó gbé igbá ẹ̀kọ rẹ̀ ru, ó lọ.

Nígbà tí a wọlé ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, ọmọ rẹ̀ kò padà wá. Mo ránṣẹ́ sí ilé. Wọ́n ní ó ti lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní ìlú mìíràn. Iṣẹ́ mẹkáníìkì kì í ṣe ohun ìtìjú. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó yan iṣẹ́ náà. Èmi ni mo yàn án fún un. Ọmọ kejì ńkọ́? Ní ìdánwò mìíràn, a tún mú un. Nígbà tí wọ́n mú un dé ọfíìsì mi, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀rín yẹn ni èrè ọgbọ́n tí mo lò. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni a mú ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Èmi ni mo fi ẹ̀kẹta kún un, tèmi ni ó sì tóbi jù.

Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú mìíràn wo ẹnubodè ilé-ẹ̀kọ́ mi. Ní àràárọ̀, àwọn ọmọ tí ó bá pẹ́ a máa kúnlẹ̀ sórí yanrìn. Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, olùkọ́ kan a gba àárín wọn kọjá, àpò ní apá, àwọn tí ó kúnlẹ̀ a sì kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, mà." Òun náà pẹ́; ó tilẹ̀ pẹ́ jù wọ́n lọ. Mo ra ìwé ńlá kan, mo sì fi í sí ẹnubodè. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dé lẹ́yìn agogo, ìbáà ṣe olùkọ́ tàbí ọmọ, yóò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ àti ìdí tí ó fi pẹ́. Ẹni tí ó bá pẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan láìní ìdí pàtàkì yóò ro koríko pápá ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Àwọn olùkọ́ kan bínú sí mi. Ní sáà yẹn gan-an ni alùpùpù mi yọnu, mo sì pẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Èmi náà mú àdá. Oòrùn pa mí, àwọn ọmọ sì ń yọjú wò mí láti ojú fèrèsé.

N kò ní sọ pé kò sí ẹni tí ó pẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Irọ́ ni ìyẹn yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ìwé tí ó ń kún ní ọjọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í tó wa lò fún ọ̀sẹ̀ kan, n kò sì gbé pàṣán lọ sí ẹnubodè mọ́. Ohun mìíràn tún wà. Nínú ìwé náà ni mo ti kà á pé ọmọbìnrin kan a máa pọn omi fún ilé mẹ́ta kí ó tó wá sí ilé-ìwé, kí ìyá rẹ̀ lè rí owó oúnjẹ. Ọdún méjì ni mo ti ń na ọmọ yìí. N kò bi í léèrè rí.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀gá ni ó yẹ kí ó ṣáájú nínú òfin tí ó bá ṣe. Ní ọdún 1956, Táí Ṣólàrín àti aya rẹ̀ Sheila dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń ro oko, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́. Òfin ibẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó ní kí ọmọ máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yìí kan náà ni gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí ẹni tí ń wọ ṣòkòtò péńpé, tí kò sì lépa ìgbé ayé ọlá. A lè bá Ṣólàrín jiyàn lórí ohun púpọ̀, pàápàá lórí ọ̀ràn ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ó di ẹrù tí òun fúnra rẹ̀ sá fún ru ọmọdé.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ ti kàn yín wàyí, nítorí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, baba a mú ọmọ wá, a ní, "Tíṣà, ẹ bá mi nà án dáadáa." Kí oṣù mẹ́ta tó pé, olùkọ́ bá ọmọ náà wí nítorí pé ó lu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, baba kan náà a sì já wọ inú kíláàsì, a gbá olùkọ́ létí lójú àwọn ọmọ. Baba mìíràn kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ pẹ́; nítorí náà, ó gbé ọkọ̀ gba ojú ọ̀nà tí òfin ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà, ọmọ sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó ń wò ó. Kí ni ọmọ náà kọ́ kí ó tó dé ilé-ìwé?

Èyí tí ó burú jù lọ ni ti ìdánwò. Àwọn òbí wà tí wọ́n ń mú ọmọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún ìkẹyìn, tí wọ́n sì ń san owó gọbọi fún un ní ibi tí a ti ń ka ìdáhùn sí ọmọ létí. Wọ́n pe irú ibẹ̀ ní ibùdó iṣẹ́ ìyanu. Ìyanu wo ni ó wà nínú olè jíjà? Láti ọdún 1999 ni òfin orílẹ̀-èdè wa ti sọ màgòmágó ìdánwò di ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè torí rẹ̀ ju ènìyàn sí ẹ̀wọ̀n. Òbí tí ó san owó yẹn ti ta ẹnu rẹ̀. Bí ọmọ náà bá jí owó rẹ̀ ní ọ̀la, kí ni yóò wí? Ẹni tí ó ra ìwé ẹ̀rí fún ọmọ ti sọ fún ọmọ náà pé òun kò gbà pé ó ní ọpọlọ. N kò mọ èébú tí ó ju èyí lọ tí baba lè bú ọmọ.

Nígbà náà, kí ni kí a ṣe? Kí òfin ilé-ẹ̀kọ́ mọ níwọ̀n, kí ọmọ lè mọ̀ ọ́n lórí. Kí a sọ ìdí òfin kọ̀ọ̀kan fún ọmọ. Kí a gbọ́ ẹnu ẹni tí ó ṣẹ̀ kí a tó dá a lẹ́jọ́. Kí ìyà ẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ èyí tí ń tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe: ẹni tí ó fọ́ àga, kí ó bá káfíńtà tún un ṣe, ẹni tí ó da ilẹ̀ rú, kí ó gbá a, ẹni tí ó bú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní gbangba, kí ó tọrọ àforíjì ní gbangba. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí òfin náà mú olùkọ́, kí ó mú ọ̀gá, kí ó mú ọmọ olówó, bí ó ti mú ọmọ opó. Òfin tí ó bá ń yan ẹni tí yóò mú, ìkà ni, kì í ṣe òfin.

Wàyí o, ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, má ṣe yọ̀ pé mo bá àwọn àgbà wí. Ẹ̀bi àgbà kì í ṣe àwáwí fún ọmọdé. Bí olùkọ́ rẹ bá pẹ́, ìwọ má ṣe pẹ́. Bí baba rẹ bá fẹ́ ra ìdáhùn fún ọ, kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kí o sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí o fi ọwọ́ ara rẹ yege, tàbí kí o fi ọwọ́ ara rẹ kùnà kí o sì tún un ṣe. Bí wọ́n bá fi ọ́ ṣe olórí kíláàsì, kí orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ tí ó pariwo wọ ìwé. Bí ìwọ náà bá pariwo, kọ tìrẹ ṣáájú. Nígbà tí olùkọ́ bá jáde, má ṣe wo ojú ọ̀nà. Wo ìwé rẹ. Ibi tí kò sí olùkọ́ ni a ti ń mọ ẹni tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ọjọ́ ń bọ̀ tí ìwọ náà yóò di ọ̀gá, bóyá ní ilé-ẹ̀kọ́, bóyá ní ilé ẹjọ́, bóyá ní ilé ara rẹ. Ọmọ olówó àti ọmọ opó yóò dúró níwájú rẹ pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Ní ọjọ́ náà, rántí obìnrin tí ó gbé igbá ẹ̀kọ ru kúrò ní ọfíìsì mi. Ó béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ mi tí n kò lè dáhùn títí di òní. Ṣe é kí ìwọ rí èsì fún un.